Ohun tó wà nídìí gbọ́nmi-si-omi-ò-to àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú nínú eré ọ̀sán Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2025, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré tuntun kan tó ń jẹ́ Beyond the Gates. Aago méjì ọ̀sán ló ń bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ìdílé Dupree ló dá lé lórí: bàbá tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí, ìyá tó gbajúmọ̀ nínú orin kíkọ nígbà tó wà lọ́mọge, àwọn ọmọbìnrin wọn méjì, àwọn ọmọ-ọmọ, àti aáwọ̀ ilé olówó tí kì í tán. Inú ọgbà àwọn ọlọ́lá kan nítòsí Washington, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ń gbé. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, àwọn gan-an ni ìtàn sì ń tọ̀ lẹ́yìn. Wọn kì í ṣe aládùúgbò tó yà wá kí ni.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ẹ̀yìn lè bi pé kí ló wá ṣe bàbàrà nínú ìyẹn. Láti ọdún 1999 tí NBC ti gbé Passions jáde, kò sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kankan tó tún dá eré ọ̀sán sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ńṣe ni wọ́n ń pa èyí tó wà. Guiding Light, tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní 1937, parí ní 2009. As the World Turns tẹ̀ lé e ní 2010. All My Children lọ ní 2011, One Life to Live sì dágbére ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù. Pé irú eré yìí tún lè bí tuntun, kí tuntun náà sì jẹ́ ti ìdílé aláwọ̀ dúdú, kí ẹgbẹ́ NAACP tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti 1909 sì lọ́wọ́ sí i, ìyẹn ni ayọ̀ ṣe ṣubú layọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Lábẹ́ ayọ̀ yẹn ni ìjà kan wà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú ti sunkún, wọ́n ti kọ̀wé, wọ́n ti pe ẹjọ́, àwọn kan sì ti pàdánù iṣẹ́ wọn. Bí èèyàn bá bá a ní ìdajì, tó kàn gbọ́ pé òṣèré báyìí bá òṣèré báyìí fà á lórí Twitter, ó lè rò pé ìgbéraga àwọn gbajúmọ̀ ni. Mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ náà bọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ìjà yìí sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbi tí ojú òǹwòran kì í dé: níbi tábìlì àwọn tó ń kọ ìtàn, nínú yàrá ìmúra, àti nínú ìwé àdéhùn. Kí iye ojú dúdú tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ nìkan kò lè parí rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Fíìmù wa máa ń ní òpin. Wọ́n á yà á, wọ́n á tà á, ó ti parí. Eré ọ̀sán kì í parí. Apá kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọdún lé ọdún. The Young and the Restless ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti oṣù Kẹta ọdún 1973, General Hospital láti 1963. Eré sísá ni gbogbo ènìyàn ń sá níbẹ̀. Òṣèré á gba òkìtì ìwé lónìí, á kọ́ ọ sórí mọ́jú, wọ́n á ya ìran náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò bá ti sí àṣìṣe tó hàn gedegbe, wọ́n ti bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò sí àyè láti dúró wí fún olùdarí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá aláwọ̀ dúdú kò ní bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí." Ẹni tó bá dúró sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, wọ́n á máa pè é ní oníwàhálà.

Ìwé àdéhùn wọn tún lágbára ju ohun tí a rò lọ. Ó lè ka ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìwé, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti já a láàárín, ní ọ̀sẹ̀ 13 sí ọ̀sẹ̀ 13 tàbí ọ̀sẹ̀ 26 sí 26. Òṣèré kò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹni tó ní àdéhùn ni wọ́n ń ṣèlérí iye ọjọ́ iṣẹ́ fún. Àwọn tó kù, tí wọ́n kàn ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ìtàn bá nílò wọn, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ohunkóhun fún wọn. Bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé wọn fún oṣù mẹ́ta, owó kò wọlé fún oṣù mẹ́ta. Níbi tí nǹkan bá ti rí bẹ́ẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ni ẹni tí àwọn òǹkọ̀wé ń rántí. Bó bá sì jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ilé irú tiwọn ni ìtàn máa ń gbà lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó pète ibi.

Owó ló tún wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọṣẹ ló dá irú eré yìí sílẹ̀ láti fi tajà fún ìyàwó ilé; Procter & Gamble kò kàn polówó nínú Guiding Light àti As the World Turns, òun ló ni wọ́n. Ìyàwó ilé tí wọ́n ní lọ́kàn, aláwọ̀ funfun ni. Bẹ́ẹ̀ ibùdó tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè kọ̀ láti gbé eré tí kò bá tẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀rù pé àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yóò bínú jókòó ti gbogbo ìpinnu. Ní 1966, Guiding Light mú dókítà aláwọ̀ dúdú kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, James Earl Jones àti Cicely Tyson sì wà lára àwọn tó ṣe ipa náà. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni àwọn méjèèjì dà lẹ́yìn ọ̀la, àmọ́ eré ọ̀sán kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe pẹ́ títí.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí dáadáa ni Ellen Holly, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lónìí ti wà nínú ìtàn tirẹ̀. Ọmọ New York ni, òṣèré orí ìtàgé tó kọ́ṣẹ́ yanjú. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n. Àwọn tó ń wá òṣèré dúdú ń sọ pé kò dúdú tó; àwọn tó ń wá òṣèré funfun kò sì lè mú un, nítorí wọ́n mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Ní 1968 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú New York Times nípa ìyà yìí. Agnes Nixon, obìnrin tó ń dá One Life to Live sílẹ̀ fún ABC lọ́dún náà, fẹ́ kí eré rẹ̀ ní ẹ̀yà oríṣiríṣi nínú, ó sì kọ ipa kan tó bá ìyà Ellen Holly mu gẹ́lẹ́.

Carla Benari ni wọ́n pe ọmọbìnrin inú eré náà. Àwọn òǹwòran gbà pé aláwọ̀ funfun tó ṣẹ̀ wá láti Ítálì ni. Dókítà aláwọ̀ funfun kan ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ọkàn rẹ̀ fà sí dókítà dúdú kan, wọ́n sì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ dàrú. Wọ́n ń pe fóònù, wọ́n ń kọ lẹ́tà ìbínú, ibùdó kan ní Texas sì yọ eré náà kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ẹ rántí pé oṣù Kẹfà ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin tó ní kí dúdú àti funfun má fẹ́ra. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí wọ́n ti ń fi ìtàn náà pọ́n òǹwòran lójú, ọ̀rọ̀ tú: Sadie Gray, obìnrin dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ìwòsàn, ni ìyá Carla. Lillian Hayman ló ṣe ipa Sadie. Àwọn tó ti ń bínú pé obìnrin funfun fẹnu ko ọkùnrin dúdú lẹ́nu wá rí i pé dúdú méjì ni wọ́n ń wò láti ọjọ́ yìí. N kò rí ìtàn eré ọ̀sán mìíràn nígbà yẹn tó ta àwọn òǹwòran lójú tó bẹ́ẹ̀.

Eré náà gbilẹ̀ lórí ìtàn yẹn. Àwọn èèyàn tí kì í wo eré ọ̀sán rí bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í. Àmọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1996, Ellen Holly sọ pé owó tí wọ́n ń san fún òun kò tó ti àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà níwájú, àti pé bí wọ́n ṣe ń hùwà sí òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ òun kò bá iyì tí wọ́n fà wá fún eré náà mu. Al Freeman Jr., tó ṣe ọkọ Carla, gba Daytime Emmy, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn eré ọ̀sán, ti olú òṣèrékùnrin ní 1979, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ìyẹn kò dá ohunkóhun dúró. Ní 1985 wọ́n yọ Ellen Holly kúrò bí ẹni yọ jìgà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Lillian Hayman náà lọ. Obìnrin tó gbé eré náà dé ibi tó dé wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú White Plains, ní ìpínlẹ̀ New York. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ló kú, lẹ́ni ọdún 92. Iṣẹ́ ilé ìkàwé kì í ṣe ohun ìtìjú, iṣẹ́ ọlọ́lá ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé òṣèré tó tó báyẹn kò tún rí ipa tó tó o gbà mọ́.

Ohun tó yí padà ní ọdún 1980 sí 1990 ni pé àwọn eré kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí dúdú nífẹ̀ẹ́ dúdú, kí ìtàn náà sì gùn. All My Children ní Jesse àti Angie, tí Darnell Williams àti Debbi Morgan ṣe; ọ̀dọ́ tó wo eré náà nígbà yẹn, funfun àti dúdú, ni wọ́n jọ ń gbàdúrà kí àwọn méjèèjì fẹ́ra. Williams gba Emmy ní 1983 àti 1985. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, NBC bẹ̀rẹ̀ Generations, eré ọ̀sán àkọ́kọ́ tó fi ìdílé aláwọ̀ dúdú ṣe òpó láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní ìlú Chicago, pẹ̀lú ìdílé funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló pa á lára: aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, kí ó máa bá The Young and the Restless, tó ti wà lókè téńté, du òǹwòran. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi pa á, ní oṣù Kìíní ọdún 1991. Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ tẹlifíṣọ̀n fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún: pé eré ọ̀sán aláwọ̀ dúdú kì í tà. Wákàtí tí wọ́n fi sí kò wọ inú ìṣirò wọn.

Kristoff St. John kúrò ní Generations, ó sì kọjá sí The Young and the Restless lọ́dún 1991 kan náà. Ibẹ̀ ló ti bá Victoria Rowell, tó dé ní 1990 gẹ́gẹ́ bíi Drucilla Barber, ọmọ ìta tí kò mọ̀wé kà, tó wá di oníjó àti ẹni tó ń wọ aṣọ oge fún ìpolówó. Rowell fúnra rẹ̀ ti kọ́ ijó balẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ọwọ́ alágbàtọ́ ló dàgbà sí ní ìpínlẹ̀ Maine. Drucilla lẹ́nu, kì í gbà kí wọ́n yan òun jẹ. Òun àti Neil Winters tí St. John ṣe, Olivia tí Tonya Lee Williams ṣe, àti Malcolm tí Shemar Moore ṣe, ni wọ́n di ìdílé dúdú inú eré náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré yìí wà lára èyí tí ilé aláwọ̀ dúdú ń wò jù lọ ní ọ̀sán ní Amẹ́ríkà. Ìyá-ìyá ń wò ó, ọmọ ń wò ó, ọmọ-ọmọ dé láti ilé ìwé ó bá wọn wò ó.

Pẹ̀lú gbogbo òǹwòran dúdú yẹn, Rowell ń bi ìbéèrè kan lóríṣiríṣi ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ló dé tí kò sí aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn òǹkọ̀wé, àwọn olùdarí àti àwọn olóòtú eré náà? Kí ló dé tí ìtàn àwọn Winters fi ń yí ká ara wọn nìkan, arákùnrin ń gba ìyàwó arákùnrin, nígbà tí ilé iṣẹ́ àti ogún àti agbára wà lọ́wọ́ àwọn Newman àti Abbott, ìdílé funfun inú eré náà? Kí ló dé tí kò sí ẹni tó mọ irun aláwọ̀ dúdú tún ṣe nínú yàrá ìmúra?

Lórí ọ̀rọ̀ irun yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín kọjá. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí kò ní rẹ́rìn-ín. Irun tó ta kókó, tí èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n fi òòyà wẹ́wẹ́ bọ̀, ó já nìyẹn. Irun tí wọ́n fi iná jó lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, iwájú orí á pá. Àtíkè tí kò bá àwọ̀ mu á sọ ojú di eérú lábẹ́ iná kámẹ́rà. Òṣèrébìnrin dúdú lóríṣiríṣi eré ní Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn ń jí ní òru lọ sọ́dọ̀ onídìrí tiwọn, tí àwọn ń fi owó ara àwọn san án, tí àwọn ń gbé àpò àtíkè ti ara àwọn dání lọ síbi iṣẹ́. Wákàtí méjì ni ẹgbẹ́ wọn funfun fi jókòó nínú àga, tí ẹlòmíràn ń tọ́jú wọn, tí iléeṣẹ́ sì ń sanwó rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá ti jí láti òru, tó sì dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ní kó tètè, ọ̀rọ̀ kékeré ló kù tí yóò fi gbaná. Ẹni tó kàn rí ìbínú náà á ní oníjàngbọ̀n ni.

Iná kámẹ́rà náà ní ìtàn tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin funfun kan ni Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n lè fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ tó dára. Ojú dúdú kò sí nínú òṣùwọ̀n. Àṣà yẹn wọ inú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà: bí wọ́n bá to iná fún ojú funfun, ẹni dúdú tó dúró tì í á rì sínú òkùnkùn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ lè tún un ṣe, àmọ́ ó ń gba àkókò, àkókò sì ni eré ọ̀sán kò ní. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ẹni tó wà níwájú kámẹ́rà àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jọ dúdú, ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àlọ́ sí òṣèré wa.

Rowell fi eré náà sílẹ̀ ní 2007. Drucilla já bọ́ láti orí òkè gíga sínú omi, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo eré ọ̀sán mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó lè padà wọlé lọ́jọ́kọ́jọ́. Rowell ní òun fẹ́ padà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n ṣe ìwọ́de. Wọn kò pè é. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ó gbé CBS tó ń gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ àti Sony tó ń ṣe é lọ sílé ẹjọ́, ó ní wọ́n kọ̀ láti gba òun padà torí pé òun ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú. Àwọn iléeṣẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn nígbẹ̀yìn, nítorí náà kò sí adájọ́ tó sọ ẹni tó jàre. Èmi náà kò ní í ṣe adájọ́ lórí ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ Mishael Morgan wé e. Inú eré kan náà ló ti ń ṣe Hilary. Ní 2018, òun àti iléeṣẹ́ kò fẹnu kò lórí àdéhùn tuntun, wọ́n sì pa Hilary nínú ìjàǹbá ọkọ̀, gbogbo ayé rí ikú rẹ̀. Ní 2019, ó padà gẹ́gẹ́ bí Amanda, ìbejì Hilary tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ní 2022, ipa yẹn ló fi gba Emmy olú òṣèrébìnrin, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín in. Nínú eré ọ̀sán, ẹni tí wọ́n bá fẹ́, òkú rẹ̀ kì í dènà rẹ̀.

Aáwọ̀ náà kì í ṣe láàárín òṣèré àti aláṣẹ nìkan. Ó ń wáyé láàárín òṣèré àti òṣèré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Viola Davis di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba Emmy olú òṣèrébìnrin nínú eré oníṣòro ti alẹ́, ó sì sọ lórí pèpéle pé àǹfààní ni ohun tó ya obìnrin dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Nancy Lee Grahn, àgbà òṣèrébìnrin General Hospital, kọ ọ́ sórí Twitter lálẹ́ ọjọ́ náà pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, pé gbogbo obìnrin ni wọ́n ń fojú tín-ínrín. Wọ́n dà á lóhùn bí òjò. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò lóye ohun tí òun sọ. Èyí tó kan ìtàn wa ni pé ní 1989, òun àti Debbi Morgan ló jọ pín àmì ẹ̀yẹ Emmy kan náà, ti igbákejì òṣèrébìnrin. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn kan náà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì jọ wà nínú iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń fojú kéré. Ìrora òṣèrébìnrin funfun nínú iṣẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ orí ń lé wọn kúrò, owó wọn kì í tó ti ọkùnrin. Mo gbà pé irú ìrora bẹ́ẹ̀ gan-an ló lè mú kí èèyàn má rí ti ẹni tó jókòó tì í, tí ọ̀rọ̀ irun àti ìwé eré sì tún wà lórí tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní tààrà ní ìlú Ọba. Eré tiwọn, alẹ́ ni wọ́n sábà ń gbé e, àmọ́ ẹ̀ka kan náà ni. Coronation Street ti ń lọ láti 1960; ọdún 2019 ni ìdílé dúdú àkọ́kọ́, àwọn Bailey, tó kó wọ àdúgbò náà. EastEnders ṣe apá kan tí gbogbo òṣèré inú rẹ̀ jẹ́ dúdú ní 2009, ọdún kẹrìnlélógún rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí ikú George Floyd, ọkùnrin dúdú tí ọlọ́pàá pa ní Amẹ́ríkà, ti mú kí gbogbo èèyàn lanu, Rachel Adedeji, ọmọ bíbí London tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ti fi ibi tó ti ṣẹ̀ hàn wá, sọ ní gbangba ohun tí ojú òun ti rí nínú Hollyoaks, eré mìíràn ní ìlú Ọba: bí àwọn àgbà níbi iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ sí aláwọ̀ dúdú, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wọn nínú yàrá irun àti àtíkè. Kì í ṣe òun nìkan, àwọn òṣèré dúdú mìíràn nínú eré náà gbè é lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe eré náà ní àwọn kò ní fàyè gba irú rẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí àyípadà. Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní iyì ìyẹn.

Òfin ti gbìyànjú díẹ̀. California fọwọ́ sí òfin CROWN ní oṣù Keje ọdún 2019, ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi irun dídì tàbí dàda yọ èèyàn lẹ́nu níbi iṣẹ́. Ó dára, àmọ́ kò ní kí agbanisíṣẹ́ wá onídìrí tó mọṣẹ́. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, SAG-AFTRA, ṣe lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọjọ́ 118 ní 2023 mẹ́nu ba irun àti àtíkè. Eré ọ̀sán kò sí lábẹ́ àdéhùn yẹn; ìwé mìíràn ni tiwọn, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣèré rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí àwọn yòókù ń rìn níta pẹ̀lú pátákó. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní tán léèékánná.

Èyí ló mú kí Beyond the Gates yàtọ̀ lójú mi. Michele Val Jean ló dá a sílẹ̀, tó sì ń darí kíkọ rẹ̀. Inú Generations ni obìnrin dúdú yìí ti bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀sán kíkọ, kó tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní General Hospital àti The Bold and the Beautiful, níbi tó ti ń kọ ìtàn ìdílé àwọn ẹlòmíràn. Sheila Ducksworth, tí wọ́n fi ṣe olórí àjọṣe CBS àti NAACP ní 2020, wà lára àwọn olóòtú rẹ̀. Tamara Tunie àti Clifton Davis ni ìyá àti bàbá. Ìtòsí Atlanta ni wọ́n ti ń yà á, ìlú tí òṣìṣẹ́ fíìmù dúdú pọ̀ sí. Procter & Gamble tún wà nínú rẹ̀, oníṣòwò ọṣẹ tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìgbà rédíò.

Nítorí pé ìdílé náà pọ̀, àwọn dúdú ibẹ̀ lè jẹ́ oríṣiríṣi: ẹni rere, òpùrọ́, alágbèrè, agbẹjọ́rò, dókítà, ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ẹnì kan ṣoṣo kò ní í ru ẹrù gbogbo ẹ̀yà lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ga lọ́wọ́ mi, torí bí eré kan bá ní aláwọ̀ dúdú kan péré, ó di dandan kí wọ́n sọ ọ́ di áńgẹ́lì tàbí èṣù, òṣèré tó bá sì fẹ́ kó jẹ́ ènìyàn lásán ni yóò máa bá wọn jà.

Ohun tí mo ń wò báyìí ni bí CBS yóò ṣe fún eré náà ní sùúrù tí NBC kò fún Generations, àti bóyá àwọn eré ọ̀sán tó kù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláwọ̀ dúdú sáàárín àwọn òǹkọ̀wé tiwọn. Ewu kan wà tí mo rí: kí wọ́n máa tọ́ka sí Beyond the Gates bí ibi tí òṣèré dúdú ní láti lọ, kí àwọn Winters sì tún padà sí igun yàrá ní Genoa City, ìlú inú The Young and the Restless.